Ọ̀gánwó Tó Wó Lu Ilé Ìdáná

Kí n tó mọ orúkọ ara mi dáadáa ni mo ti mọ ohùn ìfági bàbá mi. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni yóò ti máa dún lẹ́yìn ilé wa ní Àkúrẹ́, yóò fà gùn, yóò dákẹ́, yóò tún fà, bí ẹni tó ń mí lójú oorun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a ó gbọ́ ọwọ̀ màmá mi nínú àgbàlá, lẹ́yìn ọwọ̀ ni a ó gbọ́ Ìyá Àgbà tí ó ń bá àwọn adìẹ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ó ti ń da àgbàdo sílẹ̀ fún wọn. Bí mo bá wà lórí ẹní mi, kò dìgbà tí mo bá lajú kí n tó mọ ibi tí oníkálukú wà. Ilé àtijọ́ ni ilé náà, ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára, páànù rẹ̀ ti dípẹtà, àgbàlá rẹ̀ sì gùn lọ sẹ́yìn títí dé ibi tí ilẹ̀ ti dà lọ sí odò. Èmi nìkan ni ọmọ inú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí ní ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo ti ń sún mọ́ ọgọ́ta báyìí, ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ ìfági níbikíbi, ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan fẹ́ jí mi.

Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí màmá mi. Òun ló ni ilé náà. Ọkọ rẹ̀ fi í sílẹ̀ fún un nígbà tó kú, kí wọ́n tó bí mi. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ta ìkòkò. Yóò lọ kó wọn ní Ìgbàrà-Odò lọ́dọ̀ àwọn obìnrin tó ń mọ wọ́n, yóò wá tò wọ́n sí ọjà Àkúrẹ́, ìkòkò ọbẹ̀ lọ́tọ̀, ìṣà omi lọ́tọ̀, títí di ìgbà tí ike àti páànù fi lé amọ̀ kúrò nínú ilé ìdáná àwọn ènìyàn. Nígbà tí mo dáyé, ó ti fi òwò náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí kò rí tà ṣì wà lẹ́bàá ògiri, alángbá ń gbé inú wọn. Obìnrin gíga ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í pariwo. Bí inú bá ń bí i, ńṣe ni ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀. "Ulé" ló ń pe ilé, "ugi" ló ń pe igi, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Àkúrẹ́ gidi, màmá mi tó jẹ́ tíṣà a sì máa tún un sọ fún mi ní Yorùbá ilé-ìwé kí n má baà gbé e dé kíláàsì.

Ọmọ Oǹdó ni bàbá mi. Káfíńtà ni, ṣùgbọ́n jìtá ṣíṣe ni ọkàn rẹ̀ wà. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ọkùnrin kan tó ń lu jìtá fún ẹgbẹ́ olórin kan ní Oǹdó gbé èyí tó fọ́ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ pé kó bá òun lẹ̀ ẹ́. Bàbá mi tú u palẹ̀. Ó wo bí wọ́n ṣe tẹ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn, ó wo bí wọ́n ṣe fi igi tín-ín-rín tì í nínú bí egungun ẹja, kò sì fẹ́ fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe ohun mìíràn mọ́. Nígbà tí ìjọba dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, tí wọ́n fi Àkúrẹ́ ṣe olú-ìlú, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ya wọ̀lú bí omi. Wọ́n ti Ọ̀wọ̀ wá, wọ́n ti Ìkàrẹ́ wá, wọ́n ti Òkìtìpupa wá, gbogbo wọn ló sì ń wá ibi tí wọn yóò gbé. Ẹni tó ni ilé tí a háyà ní kí a kó jáde, nítorí pé akọ̀wé ìjọba kan fẹ́ gba gbogbo ilé náà pa pọ̀. Báyìí ni a ṣe kó lọ sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà. Bàbá mi ní oṣù mẹ́ta péré ni a ó lò. Ọdún kejì ti ń lọ sópin nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀.

Kò rọrùn fún ọkùnrin láti máa jí nílé àna rẹ̀ lójoojúmọ́. Bàbá mi á dọ̀bálẹ̀ kí Ìyá Àgbà láràárọ̀, Ìyá Àgbà á sì dá a lóhùn dáadáa, á béèrè bóyá ó sùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kọ ẹ̀yìn sí i, á máa sọ fún àwọn adìẹ pé gbogbo ìlú ń kọ́lé, gbogbo káfíńtà ń kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹnì kan wá wà tó ń fi igi ṣe ohun ìṣeré. Wọn kò sì gbè é nílé baba rẹ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ olórí ilé wọn ní Oǹdó, ti ránṣẹ́ sí i pé ọkùnrin tó bá kó lọ sílé ìyàwó, kó má tún béèrè ohunkóhun nílé baba àwọn mọ́. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ńṣe ni wọ́n ń tì í níhìn-ín, tí wọ́n ń tì í lọ́hùn-ún. Nígbà yẹn, ohun tí mo rí kò ju pé bàbá mi kì í jókòó sórí àga kankan nínú ilé náà. Orí àpótí iṣẹ́ rẹ̀ ló ti ń jẹun, àní nígbà tí màmá mi bá gún iyán.

Igi tó dára náà kò sì sí. Àwọn onípákó ń ta gẹdú fún àwọn kọngílá kí ó tó gbẹ rárá. Bí bàbá mi bá dé ọ̀dọ̀ wọn, tó ń fi ìka kan pákó, tó ń tẹ́tí sí i, wọn á máa fi í rẹ́rìn-ín, wọn á ní ṣé ó fẹ́ bá igi sọ̀rọ̀ ni.

Igi ọ̀gánwó ńlá kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná wa. Kò sí ẹni tó lè sọ ẹni tó gbìn ín. Bí ibà bá mú ọmọ ládùúgbò, Ìyá Àgbà á fi àdá bó èèpo rẹ̀, á sè é, àgbo náà á sì korò débi pé ọmọ tí ara rẹ̀ kò tíì yá á ní ara òun ti yá. Abẹ́ rẹ̀ ni a ti ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán, abẹ́ rẹ̀ ni màmá mi ti ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ilé ìdáná fúnra rẹ̀, yàrá amọ̀ kékeré kan, wà ní ìdí igi náà gan-an.

Ọ̀sán Sátidé kan ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ojú ọ̀run ṣú láti ìhà Ìjàrè wá. Atẹ́gùn kọ́kọ́ dúró jẹ́ẹ́, àwọn adìẹ sì dákẹ́. Màmá mi ń ká aṣọ lórí okùn, ó ní kí n sáré lọ pe Ìyá Àgbà ní ilé ìdáná kó wọ ilé ńlá wá, ìjì ń bọ̀. Mo sáré. Ṣùgbọ́n máńgòrò aládùúgbò wa na ẹ̀ka sínú àgbàlá, atẹ́gùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n, àwọn èso rẹ̀ sì ń já bọ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ ṣa méjì. Mo ṣa méjì, mo rí ẹ̀kẹta. Márùn-ún ti wà nínú ìṣẹ́po aṣọ mi nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, bí ìgbà tí ènìyàn ń fa aṣọ òfì ya, tí yíya náà kò tán. Ilẹ̀ gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Nígbà tí mo gbójú sókè, ìmọ́lẹ̀ wà níbi tí òjìji máa ń wà, ilé ìdáná kò sì sí mọ́.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Òjò ti dé, ó ń dà lé e lórí, ó ń fi ọwọ́ lásán fa páànù àti ẹ̀ka. Àwọn aládùúgbò sáré wá, oníkálukú ń fa ibi tó bá rí, bàbá mi sì ké mọ́ wọn pé bí igi bá wó lu igi, ti òkè là á kọ́kọ́ gbé, kí wọ́n má fa ti ìsàlẹ̀ kó má baà tún wó lé ìyá lórí. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo gbọ́ kí ó pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn nìyẹn, gbogbo wọn sì gbọ́ràn. Wọ́n bá Ìyá Àgbà lẹ́bàá ààrò, ògiri tó kù ti gbà á sílẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ka kan ti sé ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì mọ́lẹ̀, ó sì ti ṣẹ́ ní ìsàlẹ̀ orúnkún. Kò ké. Ó ní kí wọ́n pa iná ààrò. Wọ́n gbé e sínú mọ́tò aládùúgbò wa láti lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to eegun ní Ìjàrè. Kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn mọ́tò, ó pe bàbá mi, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ gan-an.

"Igi yẹn, ẹ sun ún. Kí n má bá ìkankan nínú rẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí mo bá dé."

Kò sí ẹni tó bi mí bóyá mo jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Mo ri máńgòrò márààrún mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ìyàgbẹ́, mo sì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa.

Ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá mi fi sun ẹ̀ka. Èéfín náà wọ aṣọ, ó wọ ẹ̀wà, ó wọ irun orí wa. Nígbà tó kan ìtì igi náà gan-an, ó dúró. Ó fi èkù òòlù kàn án, ó fi etí lé e, ó rìn lọ sí òdìkejì, ó tún kàn án. Màmá mi ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá Mosún, ìyá mi ní kí a sun ún."

Bàbá mi ní, "Mo gbọ́. Ẹ̀ka ló ṣẹ́ wọn lẹ́sẹ̀, mo sì ti sun ẹ̀ka. Èyí tó kù yìí, igi ni."

Màmá mi bi í pé bí ìyá òun bá dé ńkọ́. Ní ọjọ́ kejì, agégi kan tó ń jẹ́ Bùọ̀dá Lúùkù ti Oda wá pẹ̀lú ayùn gígùn tí ènìyàn méjì ń fà, òun àti bàbá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ìtì náà. Inú rẹ̀ pọ́n bí osùn. Òórùn rẹ̀ dùn, ó sì korò díẹ̀, ó gba gbogbo àgbàlá. Bàbá mi kò jẹ́ kí wọ́n là á bí àwọn onípákó ṣe ń là á. Ó ní láti èèpo wá sí ọkàn igi ni kí wọ́n máa là á, bí ìgbà tí a ń gé àkàrà òyìnbó, kí pákó má baà lọ́ bó bá gbẹ. Ó yọ́ àbẹ́là, ó fi kun orí pákó kọ̀ọ̀kan. Ó tò wọ́n sábẹ́ àtíbàbà iṣẹ́ rẹ̀, ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín wọn kí atẹ́gùn lè kọjá. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sá wọn sóòrùn kí wọ́n lè tètè gbẹ. Ó ní igi tó bá tètè gbẹ máa ń sán, pé ẹ̀sọ̀ ni kí omi fi kúrò lára ohun tó ti mu omi pẹ́. Lẹ́yìn náà ó kọ́ ilé ìdáná tuntun, ó gbé e jìnnà sí gbogbo igi.

Oṣù méjì àti díẹ̀ ni Ìyá Àgbà lò ní Ìjàrè. A máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Nígbàkúùgbà ló máa ń béèrè igi náà, màmá mi á sì ní ẹ̀ka rẹ̀ ti di eérú tán. Òtítọ́ ni. N kì í lè wo ojú Ìyá Àgbà ní gbogbo ìgbà yẹn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi pákó àti aṣọ dì ni mo máa ń wò, bí ó bá sì nawọ́ ẹran sí mi nínú abọ́ rẹ̀, màá ní mo ti yó.

Ọjọ́ tó padà dé, ó fi ọ̀pá rìn wọ àgbàlá. Ó wo ojú eérú. Ó wo ilé ìdáná tuntun, ó ní bàbá mi ṣeun. Lẹ́yìn náà ó rí àwọn pákó pupa lábẹ́ àtíbàbà, ó dúró síwájú wọn bí ẹni tó ń ka orúkọ tí wọ́n kọ sára ibojì. Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, bí bàbá mi bá dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀, á ní "O jíire," á sì kọjá. Bí ọ̀sẹ̀ kẹta sí i, mo ń bu omi gbígbóná sí ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí ó pe màmá mi. Bàbá mi wà nítòsí, Ìyá Àgbà sì mọ̀ pé ó wà nítòsí.

Ó ní, "Sọ fún ọkọ rẹ, bí oṣù mẹ́ta rẹ̀ bá ti pé, kó jẹ́ kí n mọ̀."

Bàbá mi jáde lọ wá ilé ní ọjọ́ náà àti ní ọjọ́ kejì rẹ̀. Kò sí yàrá òfìfo kan ní gbogbo Àkúrẹ́. Ó padà dé, ó sì gbé ìfági rẹ̀.

Ibi tó tutù jù nínú ilé náà ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ló sì kọjú sí ibi tí bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá Àgbà kò lè lọ sóko, kò lè lọ sọ́jà, nítorí náà ibẹ̀ ló ń jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò sì fẹ́ wo ọ̀ọ́kán. Ẹ̀fọ́ ló ń já, ẹ̀gúsí ló ń bó. Bàbá mi náà kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Yóò gbé pákó kan dání ní ìka méjì, yóò fi orí ìka kàn án, yóò tẹ́tí, yóò gbé e sílẹ̀, yóò mú òmíràn. Gbogbo òjò oṣù náà, ohùn tó wà láàárín àwọn méjèèjì nìyẹn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ni Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀, kò sì gbé ojú kúrò lórí ẹ̀gúsí rẹ̀.

"Èyí tí o gbé sílẹ̀ yẹn ti sán."

Bàbá mi ní, "Ìyá, mo ti wò ó tinú tẹ̀yìn. Kò sí ojú sísán lára rẹ̀."

"Mi ò gbọ́ wíwò. Kíkàn ni mo gbọ́."

Bàbá mi gbé pákó náà sórí tábìlì iṣẹ́, ó fá a. Ó fá a lẹ́ẹ̀kan, ó fá a lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ìlà kan yọ, ó tín-ín-rín bí irun, ó gùn tó apá mi. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti lo pákó yẹn, ọjọ́ tó bá fa okùn jìtá náà le ni ì bá pín sí méjì. Ó gbé e lọ bá a, ó kúnlẹ̀ orúnkún kan níwájú rẹ̀, ó fi hàn án. Ìyá Àgbà fi èékánná tọ ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní bí òun bá ń fi ojú ra ìkòkò ní Ìgbàrà-Odò ni, ebi ni ì bá pa òun. Pé ojú a máa ra èyí tó dán, etí ló ń ra èyí tó máa pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní kí ó kan èyí tó tẹ̀ lé e.

Ìgbà yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to pákó sí mẹ́ta: èyí tó ń dáhùn, èyí tó ń kùn, èyí tó yadi. Èyí tó yadi ni bàbá mi fi ṣe àpótí fún un. Ilé wa rọ̀. Ẹnu Ìyá Àgbà rọ̀. Èmi nìkan ni kò rọ̀ fún. Bí pákó bá ti dún dáadáa, tí àwọn méjèèjì sì wo ara wọn, ńṣe ni mo máa ń gbọ́ máńgòrò tó ń já bọ́. N kò jẹ máńgòrò kankan ní ọdún yẹn. Màmá mi rò pé aràn ni, ó fún mi ní oògùn aràn.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, mo ń fi òrí ra ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà. Ibi tí eegun ti so pọ̀ yọ síta bí kókó igi. Mo fi ọwọ́ kàn án, ọ̀rọ̀ náà sì jáde lẹ́nu mi kí n tó rò ó.

Mo ní, "Ìyá Àgbà, màámi rán mi kí n wá pè yín lọ́jọ́ ìjì. Mi ò wá. Máńgòrò ni mo ń ṣa."

N kò gbé orí sókè.

Ó ní, "Mo gbọ́ nígbà tí ìyá rẹ ń rán ọ. Etí mi ò di. Mo sì rí i pé ojú ọjọ́ ti bàjẹ́. Ẹ̀wà mi wà lórí iná, mo ní kó rọ̀ díẹ̀ sí i. Bí o bá wá pè mí, ǹ bá ní kí o dúró dè mí." Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi, ó gbé àgbọ̀n mi sókè. "Ṣé o gbọ́? Ǹ bá ní kí o dúró dè mí. Máńgòrò yẹn ṣeun."

Mo sunkún débi pé aṣọ rẹ̀ tutù. Kò ní kí n dákẹ́. Nígbà tí mo sun ún tán, ó sọ ohun kan tí kò yé mi nígbà náà, bóyá ara rẹ̀ ló sì ń bá sọ ọ́. Ó ní ní gbogbo ìgbà tí òun wà ní Ìjàrè, igi ni òun ń bínú sí, nígbà tí òun délé, òun bínú sí ẹni tó tọ́jú igi, nítorí pé kò sí bí ènìyàn ṣe ń bínú sí ẹ̀wà. Ó ti tó ogójì ọdún báyìí tí mo ti ń tọ́jú àwọn ọmọ tèmi, n kò sì tíì rí ọjọ́ tí mo bínú tí n kò kọ́kọ́ bi ara mi pé kí ni ó wà lórí iná.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, jìtá àkọ́kọ́ jáde láti inú ọ̀gánwó náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ àti ìhà rẹ̀ pupa, ọrùn rẹ̀ pupa. Iwájú rẹ̀ ni bàbá mi fi pákó àpótí àtijọ́ kan ṣe, nítorí pé ọ̀gánwó wúwo fún iwájú, igi tó fúyẹ́ ló ń gbé ohùn jáde. Ó fà á lókùn, ó gbé e lé Ìyá Àgbà lẹ́sẹ̀. Ìyá Àgbà fi àtàǹpàkò ta okùn kan, ó sì di ojú títí ohùn náà fi tán pátápátá. Ó ní, "Ó pẹ́ kó tó kú." N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni yin iṣẹ́ bàbá mi jù bẹ́ẹ̀ lọ títí ó fi di olóògbé. Láàárín oṣù díẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ti tàn. Bí ìjì bá da igi lulẹ̀ ní Oda tàbí ní Ìjàrè, wọ́n á ránṣẹ́ sí wa kí wọ́n tó gbé àáké, bàbá mi á lọ, bí mọ́tò bá sì wà, Ìyá Àgbà á bá a lọ, á jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà bí adájọ́.

Òjò tuntun ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìròyìn dé láti Oǹdó pé igi ọmọ̀ tó wà ní àgbàlá baba bàbá mi ti wó. Ọmọ̀ fúyẹ́, ó sì ń dún. Kò sí igi tó wu bàbá mi jù ú lọ fún iwájú jìtá, abẹ́ igi náà gan-an ló sì ti ṣeré dàgbà. Ṣùgbọ́n kò múra. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, Ìyá Àgbà bi í léèrè ohun tó ń dúró dè. Ó sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ nípa ẹni tó kó lọ sílé ìyàwó. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ojú nílẹ̀, nítorí ìyá ìyàwó gan-an ni ó ń sọ ọ́ fún. Ìyá Àgbà jẹ́ kó sọ ọ́ tán, ó sì ní kó ránṣẹ́ pe Bùọ̀dá Lúùkù pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀.

Èmi ni mo di ọ̀pá rẹ̀ mú nínú ọkọ̀ náà. Nígbà tí a dé Oǹdó, igi ọmọ̀ náà nà gbalaja nínú àgbàlá, ewé rẹ̀ ṣì tutù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọkùnrin fínnífínní kan tó dé fìlà kó tó jáde sí wa. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá a lóhùn, ó kí Ìyá Àgbà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n gbé àga fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá mi dárúkọ igi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òun ti fún oníbúrẹ́dì kan lọ́rọ̀ pé kó wá kó o fún iná rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ní ilé a máa béèrè nǹkan nílé rẹ̀. Ẹni tó ń gbé ilé àna, kó béèrè igi lọ́wọ́ àna. Bàbá mi wo igi náà, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, mo sì rí i pé ó fẹ́ dìde kí a máa lọ.

Ìyá Àgbà ló dìde. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ fún mi. Ó di ọwọ́ àga mú, ó ń kúnlẹ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò sì ká, ó nà síwájú bí igi, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Kí ìyá ìyàwó máa kúnlẹ̀ fún ilé ọkọ ọmọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ rí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti fò dìde, ó nawọ́ sí i, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀, kó má ṣe òun bẹ́ẹ̀. Ìyá Àgbà kò dìde.

Ó ní, "Ẹ má bá a wí. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ. Opó ni mí, kò sí ọkùnrin nílé mi. Ó ní òun fẹ́ kó jáde, mo ní bó bá lọ, ta ni yóò fa igi kúrò lórí mi? Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì yìí ló fi yọ mí. Ẹ̀yin lẹ bí i, ẹ ṣeun. Èmi ni mo yá a lọ́wọ́ yín."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé e dìde pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì dá a jókòó. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n gbé omi wá, kí wọ́n gbé obì wá. Ó ní kí wọ́n lọ sọ fún oníbúrẹ́dì pé igi ti ní olówó. Kí oòrùn tó yẹ̀ tán, òun fúnra rẹ̀ ti bọ́ agbádá, ó ń bá Bùọ̀dá Lúùkù àti bàbá mi fa ayùn.

Igi ọmọ̀ yẹn ló di iwájú gbogbo jìtá tí bàbá mi ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rà nínú wọn, àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì rà, mo sì gbọ́ pé ọ̀kan dé Èkó. Bàbá mi wá kọ́ ilé tirẹ̀ nígbẹ̀yìn lọ́nà Oda, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìsìnkú Ìyá Àgbà ni, ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn èyí. Mo bi màmá mi nígbà kan bóyá òótọ́ ni pé ìyá rẹ̀ bẹ bàbá mi pé kó má lọ. Màmá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní kò bẹ̀ ẹ́ rí.

Ṣùgbọ́n èmi ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí mo wà nínú ọkọ̀ nígbà tí a ń padà bọ̀. A dúró ní Owẹ̀nà kí Bùọ̀dá Lúùkù bu omi sí ẹ́ńjìnnì. Bàbá mi ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, ó bù ú, ó kọ́kọ́ fún Ìyá Àgbà. Wọ́n ń jẹ ẹ́, èmi wà láàárín wọn.

Bàbá mi ní, "Ìyá, ẹ kò bẹ̀ mí rí."

Ìyá Àgbà ní, "Mo mọ̀." Ó jẹ èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán. "Mo ń bẹ̀ ọ́ nísinsìnyí."

Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀, ó lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó ní òun fẹ́ wo okùn tí a fi di igi, bóyá ó ti tú. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju bí okùn ti gbà lọ, a sì dúró dè é.